Omi Tó Ti Ṣiṣẹ́ Lẹ́ẹ̀kan: Kí Ló Ń Ba Oníṣòwò Lẹ́rù?

Ọ̀rọ̀ omi ni mo gbé wá, àmọ́ kì í ṣe omi mímu. Omi tí à ń fi fọ mọ́tò ni mo ń sọ, èyí tí à ń fi po sìmẹ́ńtì, èyí tí à ń fi mú ẹ̀rọ tutù, èyí tí òtẹ́ẹ̀lì ń fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí à ń bu sídìí òdòdó iwájú ọ́fíìsì. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ń gbé ife sí nínú wọn. Síbẹ̀, omi tó mọ́ tó èyí tí à ń mu ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń dà sórí iṣẹ́ wọ̀nyí láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún wọn pé omi àtúnlò wà, ìyẹn omi tí àwọn mìíràn ti lò rí, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti yọ ẹ̀gbin inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á fà sẹ́yìn. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìríra ló fà á. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe omi náà ni oníṣòwò kò fọkàn tán, ẹni tó fẹ́ tà á fún un ni. Èyí tó bá sì jẹ́ nínú méjèèjì ló máa sọ irú ìpolongo tó yẹ ká ṣe àti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ tún ìwà rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Baltimore ní Amẹ́ríkà, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé iṣẹ́ irin ńlá kan wà níbẹ̀ létí omi, ní Sparrows Point, Bethlehem Steel ni orúkọ rẹ̀. Irin tó ń jáde láti inú iná kò lè tutù láìsí omi, omi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ kì í ṣe kékeré. Ilé iṣẹ́ náà gbẹ́ kànga, ó fa omi abẹ́ ilẹ̀, ó fà á, ó fà á, títí omi iyọ̀ fi ya wọ inú kànga. Iyọ̀ sì rèé, ọ̀tá irin ni. Ibi tí ojú wọn wá yí sí ni Back River, níbi tí ìjọba ìlú ti ń wẹ omi ìdọ̀tí àwọn ará Baltimore mọ́ kó tó dà á sódò. Abel Wolman, onímọ̀ nípa omi tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, wà lára àwọn tó bá wọn ṣètò ọ̀rọ̀ náà. Láti 1942 ni omi tí ará ìlú ti fi wẹ̀, tí wọ́n ti fi fọ abọ́, tí wọ́n ti fi ṣan ṣáláńgá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú páìpù lọ mú irin tutù, ó sì bá wọn ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Kò sí ẹni tó wàásù fún àwọn onírin yìí. Kànga wọn ló bà jẹ́, wọ́n sì rí i pé omi ìdọ̀tí ìlú ní ìwà kan tí odò àti kànga kò ní: kì í gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Bí ènìyàn bá ṣì ń wẹ̀ nílùú, yóò máa ṣàn. Oníṣòwò tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, ojú rẹ̀ á là.

N kò sọ pé ìríra kò sí o. Ó wà, ó sì lágbára ju àlàyé lọ. Ní 1986, Paul Rozin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé òkú aáyán tí wọ́n ti fi ooru pa gbogbo kòkòrò àìsàn ara rẹ̀, wọ́n rì í bọ omi èso, wọ́n sì yọ ọ́. Wọ́n ṣàlàyé fún àwọn tó wà níbẹ̀ pé aáyán náà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Àwọn yẹn gbọ́ àlàyé, ó yé wọn, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ fi ẹnu kan omi èso náà. Nílẹ̀ tiwa, níbi tí iṣẹ́ agbépóò ti di ohun tí ọmọdé fi ń bú ara wọn, kò yẹ kí irú èyí yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn tí àwọn olùwádìí rí ní California láti nǹkan bí 1970: bí ibi tí wọ́n fẹ́ lo omi àtúnlò bá ṣe ń jìnnà sí ara àti sí ẹnu ni àtakò ń rọlẹ̀ sí. Àwọn tó kọ̀ ọ́ fún mímu pọ̀ gan-an. Nígbà tó di pápá koríko àti etí ọ̀nà, ìwọ̀nba ni wọ́n. Èyí bá ìṣe ilé wa mu. Ìyálé ilé tó fi omi ìfọṣọ fọ ẹ̀yìnkùlé kò ka ara rẹ̀ sí onídọ̀tí. Aláró kì í da omi aró nù lẹ́yìn aṣọ kan ṣoṣo, yóò máa rẹ aṣọ sínú rẹ̀ títí agbára aró náà yóò fi tán. Omi kan, iṣẹ́ púpọ̀: kò ṣàjèjì sí wa. Ìríra tó wà fún ife kò sí fún bàlùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì, ká má tilẹ̀ sọ ti ẹ̀rọ amú-nǹkan-tutù.

Kí wá ni oníṣòwò ń bẹ̀rù? Durban ní Gúúsù Áfíríkà ló jẹ́ kí èyí hàn kedere jù lọ lójú tèmi. Ní 2001, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ tó lè sọ mílíọ̀nù 47.5 lítà omi ìdọ̀tí ìlú di omi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Oníbàárà ńlá méjì ló fojú sùn: Mondi tó ń ṣe ìwé, àti Sapref tó ń fọ epo rọ̀bì. Ohun tí ń ba oníwèé lẹ́rù kì í ṣe ibi tí omi ti wá, àwọ̀ ni. Omi tó bá pọ́n díẹ̀ yóò kó bá ìwé tó yẹ kó funfun. Ohun tí ń ba afọpo lẹ́rù ni èèpá tí omi líle máa ń fi sínú páìpù àti ìpẹtà tó máa ń jẹ irin. Nítorí náà, wọn kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tu àwọn oníbàárà yìí nínú. Wọ́n sẹ́ omi náà gba inú yanrìn, wọ́n fi gáàsì ozone pa àwọ̀ àti kòkòrò inú rẹ̀, wọ́n gbà á kọjá lára èédú àkànṣe tó ń fa ẹ̀gbin mọ́ra, wọ́n sì fi chlorine kádìí rẹ̀. Àdéhùn ogún ọdún ni wọ́n tọwọ́ bọ̀ nígbà náà. Iye owó rẹ̀ kéré sí ti omi ẹ̀rọ ìlú. Ìlú Durban náà jèrè, nítorí páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lọ sínú òkun ti ń kún, omi mímu tí ilé iṣẹ́ méjèèjì ì bá gbà sì ṣẹ́ kù fún àwọn ará ilé.

Ẹ bá mi wo bí àwọn ohun tí oníṣòwò béèrè ṣe rí. Ó ní, ṣé lójoojúmọ́ ni omi yìí yóò máa wá, àbí yóò dà bí iná mànàmáná? Ó ní, ṣé bó ṣe mọ́ lónìí náà ni yóò ṣe mọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ni yóò sì tún ẹ̀rọ mi ṣe bí ó bá bà á jẹ́? Ó ní, èló? Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìríra nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ìwé àdéhùn, àyẹ̀wò omi àti ẹni tó máa san owó ìtanràn ni gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kì í ṣe ti olùrà nìkan. Ní 2022, Sapref dáwọ́ epo fífọ̀ dúró. Ẹni tó kọ́ ilé iṣẹ́ omi ńlá tó gbójú lé oníbàárà méjì, bí ọ̀kan bá lọ, ìdí ọjà rẹ̀ ti mì. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí pé àwọn tó ń polongo omi àtúnlò kì í sábà sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan tọwọ́ bọ irú ètò yìí láìronú sí i. Oníbàárà kéékèèké púpọ̀ sàn ju òmìrán méjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páìpù wọn á pọ̀ sí i.

Singapore tún fi ojú mìíràn hàn wá. Erékùṣù kékeré ni, apá kan omi rẹ̀ ń wá láti Johor ní Malaysia lábẹ́ àdéhùn 1962 tí yóò parí ní 2061, kò sì sí ìlú tó máa fẹ́ kí ìjánu òun wà lọ́wọ́ aládùúgbò. Láti 1966 ni wọ́n ti ń wẹ omi ìdọ̀tí mọ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Jurong. Nígbà tó di 2003, wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní NEWater jáde, omi tí wọ́n ti fi agbára tì gba inú awọ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé iyọ̀ pàápàá kò rọrùn láti kọjá, tí wọ́n sì fi ìtànṣán ultraviolet pa kòkòrò inú rẹ̀. Lára àwọn tó tètè gba omi yìí ni àwọn tó ń ṣe ègé tíntìntín tó jẹ́ ọpọlọ fóònù àti kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ wọn kò gba ìdọ̀tí bó ti wù kó kéré mọ, omi ẹ̀rọ lásán kò sì mọ́ tó fún wọn. Omi tó ti inú ìdọ̀tí jáde yìí ní èròjà ilẹ̀ tó kéré sí ti omi ẹ̀rọ, ìnáwó wọn lórí sísẹ́ rẹ̀ sì dínkù. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà? Àwọn tó ṣòro tẹ́ lọ́rùn jù nínú gbogbo oníṣòwò ló fẹ́ ẹ. Àmọ́ ìjọba Singapore kò fi ọ̀rọ̀ ará ìlú ṣeré. Níbi ayẹyẹ ọjọ́ orílẹ̀-èdè wọn ní 2002, kí wọ́n tó gbé omi náà jáde, olórí ìjọba wọn, Goh Chok Tong, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ gbé ìgò omi náà sókè, wọ́n sì mu ún ní gbangba. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà, ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń lọ. Ìwọ̀nba ni wọ́n ń dà sínú adágún omi mímu. Wọ́n sì mọ orúkọ tó yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Àwa náà ní láti ronú sí èyí: bí a bá pe omi yìí ní omi ìgbọ̀nsẹ̀ lórí rédíò, a ti pa á kó tó dé ọjà.

Ó yá, ká padà wálé. Nílùú Èkó, ibùdó omi Adìyan ni wọ́n kọ́ láti máa pèsè nǹkan bí 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, Ìjú náà sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà òyìnbó amúnisìn. Àwọn ará Èkó mọ̀ pé èyí kò kárí. Ohun tí oníṣòwò ṣe ni pé ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bóòhóòlù, ó sì gbà pé òun ti bọ́ nínú wàhálà omi. Ibí gan-an ni mo rò pé ìṣòro omi àtúnlò fìdí kalẹ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Omi bóòhóòlù dà bí ọ̀fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń mú bíìlì rẹ̀ wá lóṣooṣù. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi gbẹ́ ẹ ń bẹ nínú rẹ̀, owó ẹ̀rọ ìfami tó ń jó ń bẹ nínú rẹ̀, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nígbà tí kò bá síná ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, omi náà ń pọ́n bí ìpẹtà, tí wọ́n á tún ra ẹ̀rọ asẹ́mi sí i. Níbi tó súnmọ́ òkun àti ọ̀sà, bí gbogbo ènìyàn bá ṣe ń fà á náà ni iyọ̀ ń súnmọ́ tòsí, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí àwọn onírin Baltimore. Oníṣòwò tí kò bá ṣírò gbogbo èyí yóò máa wo omi àtúnlò bí ọjà ọ̀wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé kò tíì mọ iye tí òun ń san.

Ẹnì kan á ní, òjò ń rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kí ni ti wa ti Singapore? Òjò ń rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òjò kì í sábà rọ̀ lóṣù Ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì kì í ti ilẹ̀kùn lóṣù Ọ̀pẹ. Àtakò tó wúwo jù èyí lọ wà. Wọ́n á ní, ibi tí a wà yìí, bí omi tí kò ṣe é mu bá wà nínú páìpù, ẹnì kan á gé e, á rọ ọ́ sínú ọ̀rá, á máa tà á ní piọ-wọ́tà. Mi ò lè fọwọ́ rọ́ àtakò yìí sẹ́yìn, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ètò wọn tò jù tiwa lọ, àní láìsí ọwọ́ olè níbẹ̀. Ní Leidsche Rijn, àdúgbò tuntun kan nílùú Utrecht ní orílẹ̀-èdè Netherlands, wọ́n fa páìpù méjì wọ ilé àwọn ènìyàn: ọ̀kan fún mímu, ìkejì jẹ́ omi odò tí wọn kò sẹ́ tán, fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọgbà. Ní ìparí 2001, páìpù méjèèjì ṣèèṣì so pọ̀ mọ́ ara wọn, inú sì run ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tó di 2003, ìjọba ibẹ̀ fòpin sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé kí a pa omi àtúnlò tì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kò yẹ ká bẹ̀rẹ̀ nínú ilé gbígbé. Ilé iṣẹ́ tó ní ẹnjiníà tirẹ̀, tí páìpù rẹ̀ ṣeé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ni ibi ìbẹ̀rẹ̀. Ní California, páìpù elésè-àlùkò ni wọ́n ń lò fún omi àtúnlò kí ojú lè dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn ilé ọ́fíìsì gíga ní Irvine sì ti ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti 1991. Olóṣèlú tó bá sì kó ọ̀rọ̀ mímu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí yóò bà á jẹ́ fún gbogbo wa. Ní Toowoomba, Ọsirélíà, ní 2006, wọ́n ní kí ará ìlú dìbò lórí fífi omi àtúnlò kún omi mímu; nǹkan bí 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní rárá.

Oníṣòwò tó jẹ́ Mùsùlùmí lè béèrè bóyá omi bẹ́ẹ̀ mọ́ lójú ẹ̀sìn, pàápàá bí ó bá ní mọ́ṣáláṣí nínú ọgbà ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, àwọn tó yẹ kó dáhùn sì ti dáhùn. Ní 1978, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Saudi Arabia dá a lẹ́jọ́ pé omi ìdọ̀tí tí wọ́n bá wẹ̀ mọ́ títí tí àwọ̀, òórùn àti adùn ìdọ̀tí kò fi sí nínú rẹ̀ mọ́ ti padà di omi mímọ́, ó sì ṣeé fi ṣe ìmọ́tótó ẹ̀sìn. Ti mímu ni wọ́n rọ àwọn ènìyàn láti ṣọ́ra fún, nítorí ìlera. Èyí tó kù ni oníbàárà: ṣé ẹni tó gbé mọ́tò wá fún fífọ̀ kò ní sá bí ó bá mọ irú omi tí wọ́n ń lò? Nígbà ọ̀dá Cape Town ní 2018, nígbà tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ju 50 lítà lójúmọ́, tí fífi omi mímu ìlú fọ mọ́tò sì di èèwọ̀, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ń lẹ àkọlé mọ́ra láti sọ pé omi tí àwọn ń lò kì í ṣe omi mímu. Wọ́n fi ń yangàn ni, wọn kò fi pamọ́.

Èkó kò ní páìpù omi ìdọ̀tí tó yí gbogbo ìlú ká bíi Durban. Sọ́kàwéè ló pọ̀ jù nínú ilé wa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká dúró de ilé iṣẹ́ ńlá tí ìjọba yóò kọ́. Ẹ̀sítéètì àti òtẹ́ẹ̀lì tó ti ní ẹ̀rọ tó ń wẹ omi ìdọ̀tí mọ́ kó tó dà á sí gọ́tà ni kó bẹ̀rẹ̀: omi tó ti náwó lé yẹn, gọ́tà ló ń fi ta lọ́rẹ. Ẹni tó ń fọ mọ́tò lè gbẹ́ kòtò mẹ́ta tó tẹ̀ léra, kí iyẹ̀pẹ̀ rọlẹ̀ nínú èkíní, kí epo léfòó nínú ìkejì, kó fa omi ìkẹta padà gba inú yanrìn, kó sì fi omi tuntun ṣe ìṣanparí nìkan. Àwọn tó ń po kọnkéré nínú ọkọ̀ ńlá ń lo omi tí wọ́n fi fọ ọkọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n kí oníbúlọ́ọ̀kù má ṣe bu omi ọṣẹ po sìmẹ́ńtì o: ìfófòó yóò fi afẹ́fẹ́ sínú búlọ́ọ̀kù, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Omi oníyọ̀ yóò jẹ ọ̀pá irin inú kọnkéré. Gbogbo omi àtúnlò kọ́ ló bá gbogbo iṣẹ́ mu, ẹni tó bá sì sọ fún oníṣòwò pé ó bá gbogbo rẹ̀ mu ló ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé tí mo ń sọ yìí jẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ ẹ̀yin oníṣòwò tó ń gbọ́ mi pé kí ẹ ra mítà kan, kí ẹ so ó mọ́ ẹnu bóòhóòlù yín fún ọgbọ̀n ọjọ́ péré. Ẹ kọ lítà tó kọjá sílẹ̀, ẹ kọ dísù àti owó iná sílẹ̀, ẹ ṣírò àtúnṣe ẹ̀rọ ìfami àti asẹ́mi, kí ẹ wá pín owó náà sórí lítà. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ní omi àtúnlò bá dé ọ́fíìsì yín, ẹ má bi í bóyá omi rẹ̀ mọ́. Ẹ ní kó gbé èsì àyẹ̀wò oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kalẹ̀, kó kọ iye tí yóò san fún yín ní ọjọ́ tí omi kò bá wá sínú ìwé àdéhùn, kó sì dárúkọ iye rẹ̀ lórí lítà kan. Ẹ̀yin náà yóò ti ní iye tiyín lọ́wọ́.